Bí a ṣe ń fi àṣẹ tọ́jú fáìlì dátà ní Stata, SPSS àti R láì ba ojúlówó jẹ́

ketu_agbado (Kétu)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Dátà kan wà lọ́wọ́ mi, ti àwọn ìdílé tó ń dá oko gbágùúdá ní arrondissement (ẹ̀ka commune) mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Kétu: Adakplamè, Idigny, Kétou, Kpankou, Odometa àti Okpometa. Stata 17 ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ohun èlò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà bíi SPSS àti R. Ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò ní Àjàṣẹ́ ń lo Stata 13, ẹni tó máa ya àwòrán rẹ̀ ń lo R, ẹnìkan sì tún wà ní Ṣábẹ tó jẹ́ pé SPSS nìkan ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tí mo bá kọ

save "ile.dta"

Stata á dá mi lóhùn pé

file ile.dta already exists
r(602);

Tí mo bá fi replace sí i, ó ń gbà, àmọ́ ojúlówó dátà tí a kó wá láti oko á bá a lọ. Fáìlì tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kò ṣí lọ́dọ̀ wọn, r(610) ló ń gbé jáde. Nínú Excel, Adakplamè di AdakplamÃ¨, òdo tó wà níwájú nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn sì ti pòórá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe to àwọn àṣẹ yìí, kí do-file (fáìlì tí a to àwọn àṣẹ Stata sí) kan ṣoṣo lè ṣe gbogbo rẹ̀?

data_ajase (Àjàṣẹ́)

Àbúrò, o kú iṣẹ́. r(602) yẹn, ẹ̀ṣọ́ ni, má lé e lọ. Stata kì í kọ fáìlì kan lé òmíràn lórí àyàfi tí o bá fi ẹnu ara rẹ sọ replace. Ibi tí o ń tọ́jú nǹkan sí ló yẹ kí o tún ṣe. Ojúlówó dátà àti èyí tí o ti fọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà, wọn ò sì gbọdọ̀ gbé inú fódà kan náà.

Ṣe fódà mẹ́ta: aise fún ojúlówó, mimo fún èyí tí o ti fọ̀, ijade fún èyí tí o fẹ́ fi ránṣẹ́. Má fi àmì ohùn sí orúkọ fódà, má sì fi àlàfo sáàárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà:

cd "C:/ketu"
capture mkdir "mimo"
capture mkdir "ijade"
use "aise/ile.dta", clear

(ibí ni gbogbo iṣẹ́ fífọ̀ máa wà)

compress
label data "Idile gbaguda Ketu, ti a ti fo"
save "mimo/ile_fo.dta", replace

capture ló ń jẹ́ kí mkdir dákẹ́ tí fódà náà bá ti wà tẹ́lẹ̀. Tí fódà kò bá sí rárá, tí o sì ní kí Stata tọ́jú nǹkan síbẹ̀, r(603) ni wàá rí. compress ń dín ìwọ̀n fáìlì kù láì sọ ohunkóhun nù: variable (òpó dátà) tó jẹ́ 0 àti 1 tó ń gba báìtì mẹ́rin tàbí mẹ́jọ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan á wá máa gba ẹyọ kan.

replace inú mimo kò léwu. Ọbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tó bá dànù, do-file á tún un sè. Ti aise ni kò sẹ́ni tó lè tún kó jọ láì padà sí oko, nítorí náà, ní Windows, tẹ fáìlì ibẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, lọ sí Propriétés, kí o sì fi àmì sí Lecture seule. Láti ọjọ́ náà lọ, tí àṣìṣe bá tilẹ̀ darí save, replace síbẹ̀, r(608) ni Stata máa fi kọ̀ fún ọ.

Ó kan ti ọ̀gá rẹ. Láti Stata 14, tó jáde ní 2015, UTF-8 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó gba gbogbo èdè) ni Stata fi ń kọ lẹ́tà, irú fáìlì .dta sì yí padà nígbà náà. Stata 14, 15 àti 16 lè ka ohun tí save ti 17 bá kọ, tí variable inú rẹ̀ kò bá ti ju 32,767 lọ. Stata 13 sẹ́yìn ni kò lè kà á. Fún ọ̀gá rẹ:

saveold "ijade/ile_v13.dta", version(13) replace

Tó bá jẹ́ Stata 11 tàbí 12 ni wọ́n ní, kọ version(12). Àmọ́ kíyè sí i pé ní 12, string (variable tó jẹ́ ọ̀rọ̀) kò lè gùn ju lẹ́tà 244 lọ, nígbà tí 13 ń gba 2,045. Bí o bá ní variable tí àwọn èèyàn ti sọ ìdáhùn gígùn, ibẹ̀ ló ti máa gé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí rèé: saveold ń yí irú fáìlì padà, kì í yí lẹ́tà inú rẹ̀. Stata 13 kò gbọ́ UTF-8, nítorí náà, fáìlì náà á ṣí o, ṣùgbọ́n Adakplamè á ṣì máa hàn bí AdakplamÃ¨ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí o bọ́ àmì orí lẹ́tà kúrò nínú ẹ̀dà tí o fẹ́ fi ránṣẹ́:

replace abule = ustrto(ustrnormalize(abule, "nfd"), "ascii", 2)

nfd ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára àmì rẹ̀: è á di e pẹ̀lú àmì, ẹ á di e pẹ̀lú ìkán abẹ́. "ascii" pẹ̀lú 2 á wá ju ohun tí kì í ṣe ASCII (lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní àmì) nù, lẹ́tà á sì kù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún Faransé àti fún Yorùbá tí a fi ìkán sí abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, ọ̀pọ̀ ló ń fi ɛ àti ɔ kọ orúkọ abúlé, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè wa. ɛ àti ɔ kò ní àmì kankan tí nfd lè bọ́, lẹ́tà tó dá dúró ni wọ́n. 2 yẹn á jù wọ́n nù pátápátá: ɔjà á di ja. Nítorí náà, àwọn yìí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú:

replace abule = subinstr(abule, "ɛ", "e", .)
replace abule = subinstr(abule, "ɔ", "o", .)
replace abule = subinstr(abule, "Ɛ", "E", .)
replace abule = subinstr(abule, "Ɔ", "O", .)

Ẹ̀yìn save ti mimo ni kí gbogbo èyí wà, kí àmì má bàa sọnù lára ẹ̀dà tìrẹ. replace kì í sì í dé inú value label (orúkọ tí a fi sára nọ́ńbà). Tí arrondissement bá jẹ́ nọ́ńbà tó ní label, label define pẹ̀lú modify ni wàá fi tún orúkọ Adakplamè kọ níbẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan fún arrondissement kọ̀ọ̀kan, má fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà:

levelsof arr, local(gbogbo)
foreach a of local gbogbo {
    preserve
    keep if arr == `a'
    saveold "ijade/ile_`a'.dta", version(13) replace
    restore
}

arr níbí jẹ́ nọ́ńbà, 1 dé 6. Tí o bá yọ preserve àti restore kúrò, keep àkọ́kọ́ ti lé àwọn márùn-ún yòókù lọ, kò ní sí ìlà kankan nínú fáìlì kejì dé ìkẹfà. Má sì kọ \ dípò / ní ọ̀nà fáìlì, bí Windows tilẹ̀ gbà á. Tí \ bá wà níwájú ` ní tààrà, bíi "ijade\`a'.dta", Stata á kà á sí pé kó má fi nọ́ńbà rọ́pò a. Fáìlì kan ṣoṣo tí ` wà nínú orúkọ rẹ̀ ni wàá bá, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á ti kọ lé ara wọn lórí níbẹ̀, Stata kò sì ní kìlọ̀ fún ọ, torí o ti sọ replace.

ajase_r (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀gbọ́n data_ajase ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ kí n mú ti fóònù àti ti Excel.

ketu_agbado, nọ́ńbà fóònù, orúkọ ni. A kì í rò ó pọ̀, a kì í pín in. String ni kó jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà. Láti 30 Oṣù Kọkànlá 2024, nọ́ńbà wa ní Benin ti di 10, 01 sì ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ 8, kò sí òdo níwájú, àṣìṣe yìí kì í hàn. Nísinsìnyí, gbogbo ìlà ló ń bà jẹ́. Bí CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ tí àmì bíi kọ́mà ń pín òpó rẹ̀) lẹ ti ń kó o wọlé:

import delimited using "aise/ile.csv", stringcols(4) encoding("utf-8") clear

4 ni ipò tí òpó fóònù wà láti ọwọ́ òsì; ẹ fi ti yín sí i. Tó bá ti di nọ́ńbà ná, ẹ kọ describe tel. Tó bá jẹ́ long tàbí double (irú ọ̀nà tí Stata ń gbà tọ́jú nọ́ńbà, bíi float náà), ó ṣì ṣeé gbà padà:

tostring tel, replace format(%010.0f)
replace tel = "" if tel == "."

Ìlà kejì wà fún àwọn tí kò ní fóònù, torí tostring ń sọ òfo di ìkán. Tó bá jẹ́ float, ẹ padà sí aise. Àwọn nọ́ńbà ìparí ti yí padà, kò sí àṣẹ tó lè rí wọn mọ́.

Ní ti Excel, ẹ má fi CSV ránṣẹ́ sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí. Nǹkan mẹ́ta ló ń bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀. Excel á jẹ òdo 01 náà bó tilẹ̀ wà nínú fáìlì. UTF-8 ń fi báìtì méjì kọ è, Excel á ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà tirẹ̀, ibẹ̀ ni Ã¨ ti wá. Ẹ̀kẹta, Excel tó wà ní èdè Faransé ń retí ; láàárín òpó, ó sì ń lo , níbi tí Stata ń lo ìkán fún ìdá nọ́ńbà, nítorí náà gbogbo ìlà á rọ́ sínú òpó kan. Ẹ fi xlsx ránṣẹ́:

export excel using "ijade/ile.xlsx", sheet("ile", replace) firstrow(variables)

replace inú sheet, ojú ewé yẹn nìkan ló ń pa rọ́pò. Tó bá jẹ́ ìta ló wà, gbogbo ìwé iṣẹ́ náà ló máa pa, títí kan ojú ewé tí ẹlòmíràn ti ṣe sínú rẹ̀. Kí ẹ sì pa fáìlì náà dé nínú Excel kí ẹ tó sáré àṣẹ yìí, Windows kì í jẹ́ kí a kọ nǹkan sínú fáìlì tí Excel ń ṣí lọ́wọ́. Bó bá di dandan pé CSV ni, kí ẹni tó gbà á lọ sí Données, kó yan À partir d'un fichier texte/CSV, kó mú 65001 Unicode (UTF-8), kó sì sọ òpó fóònù di Texte kó tó kó o wọlé.

Fún R, ẹ fi haven (àkójọ àṣẹ kan fún R) ka ti mimo, kò ní sọ label nù:

library(haven)
d <- read_dta("mimo/ile_fo.dta")
saveRDS(d, "mimo/ile_fo.rds")
write_sav(d, "ijade/ile.sav")

Ìlà ìkẹrin yẹn ló máa gba ẹni ti Ṣábẹ, torí Stata 17 kò ní àṣẹ tó ń kọ .sav. Mo fẹ́ràn saveRDS ju save lọ. Ohun tí a fi save tọ́jú, load á dá a padà pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí d mìíràn bá ti wà lórí iṣẹ́, ó ti pa á nìyẹn. readRDS, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ. R kò ní r(602) o! saveRDS, write.csv, write_sav, gbogbo wọn ń kọ lé fáìlì lórí láì bi ẹnikẹ́ni. Ẹ fi èyí ṣáájú níbi tó bá léwu:

f <- "ijade/ile.sav"
if (file.exists(f)) stop("faili yii ti wa")

Tí ẹ bá ń lo write.csv, ẹ kọ row.names = FALSE, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òpó kan tí kò lórúkọ á yọ níwájú. Fún Excel Faransé, write_excel_csv2 ti readr ló dáa jù, ó ń fi ; sí i, ó sì ń fi àmì UTF-8 sí orí fáìlì kí Excel lè mọ̀ ọ́n.

sabe_kaju (Ṣábẹ)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó wà ní SPSS kò gbọdọ̀ máa tẹ Enregistrer. Kó ṣí Syntaxe, kó kọ:

GET FILE='C:/ketu/ijade/ile.sav'.
SAVE OUTFILE='C:/ketu/mimo/ile_sabe.sav'
  /KEEP=id arr abule oko gbese
  /COMPRESSED.

Ìkán ìparí (.) ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ó bá sọnù lẹ́yìn COMPRESSED, SPSS á ka àṣẹ tó tẹ̀ lé e mọ́ ti SAVE, àṣìṣe á sì fara hàn níbi tí kò sí. KEEP tún ń to variable bí ẹ ṣe kọ wọ́n. Èyí tí KEEP fi sílẹ̀ kò sí nínú fáìlì tuntun, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lójú iṣẹ́ títí ẹ fi máa pa á dé.

SAVE ti SPSS kì í béèrè kó tó kọ lé fáìlì lórí, bíi R náà ló rí. Ẹ fi /PERMISSIONS=READONLY sí èyí tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. SAVE TRANSLATE ni tirẹ̀ ń kọ̀ tí ẹ kò bá kọ /REPLACE:

SAVE TRANSLATE OUTFILE='C:/ketu/ijade/ile.csv'
  /TYPE=CSV /ENCODING='UTF8' /FIELDNAMES
  /CELLS=VALUES /REPLACE.

CELLS=VALUES ń kọ 1, 2, 3; CELLS=LABELS ń kọ orúkọ arrondissement.

Ibi tí mo rí pé ó ń ṣe àwọn èèyàn lọ́ṣẹ́ jù ni SELECT IF. Tí ẹ bá fẹ́ Idigny nìkan, tí ẹ kọ SELECT IF láì kọ TEMPORARY ṣáájú rẹ̀, àwọn ìdílé yòókù ti kúrò lójú iṣẹ́ pátápátá. SAVE tó bá tẹ̀ lé e sórí orúkọ ojúlówó ti sin wọ́n.

TEMPORARY.
SELECT IF (arr = 2).
SAVE OUTFILE='C:/ketu/ijade/idigny.sav'.

TEMPORARY ń parí lẹ́yìn SAVE yẹn, gbogbo ìdílé á sì padà.

Ọ̀rọ̀ kan sí ketu_agbado: bí .a bá dúró fún "kò dáhùn", tí .b dúró fún "kò mọ̀" nínú Stata yín, SPSS kò ní irú òfo bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà gidi ló ń lò, tí a ó wá kéde rẹ̀. Ẹ yí i padà kí ẹ tó fi ránṣẹ́:

mvencode gbese, mv(.a=-98 \ .b=-99)

Kí ẹni tó gbà á wá kọ MISSING VALUES gbese (-98, -99). kó tó ṣe ohunkóhun. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, -98 á wọ inú ìpíndọ́gba gbèsè àwọn èèyàn.

ketu_agbado (Kétu)

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ìbẹ̀rẹ̀ do-file mi rèé. com ni nọ́ńbà commune, abu ti abúlé, ile ti ìdílé. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe id olóǹkà mẹ́sàn-án. Ṣé kò sí àléébù níbẹ̀? Ṣé kí n sì máa fi ọjọ́ sí orúkọ fáìlì?

cd "C:/ketu"
use "aise/ile.dta", clear
gen id = com*10000000 + arr*100000 + abu*1000 + ile
drop if missing(oko)
save, replace

data_ajase (Àjàṣẹ́)

Ìlà méjì ló léwu níbẹ̀, àbúrò.

Èyí tó kẹ́yìn lákọ̀ọ́kọ́. save, replace tí kò ní orúkọ ń kọ sórí fáìlì tí o fi use ṣí, ìyẹn aise/ile.dta. Gbogbo ìdílé tí oko wọn ṣófo, tí o drop, á kúrò nínú ojúlówó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lecture seule nìkan ló lè gbà ọ́ níbẹ̀. Kọ orúkọ fáìlì ní kíkún ní gbogbo ìgbà.

Ìkejì ni gen id. Tí o kò bá sọ irú rẹ̀, float ni gen ń ṣe, float kò sì lè gba gbogbo odidi nọ́ńbà lẹ́yìn 16,777,216. Ní ìwọ̀n tìrẹ, mẹ́jọ-mẹ́jọ ló ń fò. Mú commune 12, arrondissement 3, abúlé 4, ìdílé 117: id rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 120304117. Nínú float, 120304120 ló máa di. Ìdílé 118 náà á di 120304120, bẹ́ẹ̀ náà ni 119, títí dé 123. Ìdílé méje di ẹyọ kan, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ so ó pọ̀ mọ́ fáìlì mìíràn pẹ̀lú merge lo tó máa mọ̀.

Ní ti ọjọ́, mi ò fi í sí mimo. Fáìlì mẹ́wàá tó jọ ara wọn níbẹ̀, ẹnìkan á ṣe iṣẹ́ lórí èyí tó ti gbó. Ijade ni mo ń fi í sí, kí èmi àti ẹni tó gbà á lè máa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀dà kan náà:

local ojo : display %tdCCYYNNDD date(c(current_date), "DMY")
saveold "ijade/ile_v13_`ojo'.dta", version(13) replace

Ìbẹ̀rẹ̀ do-file rẹ wá di:

cd "C:/ketu"
use "aise/ile.dta", clear
gen long id = com*10000000 + arr*100000 + abu*1000 + ile
isid id
drop if missing(oko)
sort id
compress
save "mimo/ile_fo.dta", replace

long ń gba odidi nọ́ńbà dé 2,147,483,620, ó tó ọ dáadáa. isid ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá id kan wà lórí ìdílé méjì. Tó bá rí i, r(459) á jáde, do-file á sì dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi í sí ìwájú drop àti save: bí id bá ti bàjẹ́, kò sóhun tó máa dé inú mimo, èyí tó dáa tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì ṣì wà.